Òjò tó ń rọ̀ ní Òṣogbo, inú òkun ló ti gbéra: ẹ̀kọ́ tí àkọsílẹ̀ ìgbóná òkun kọ́ wa



Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ ní Old Garage, Òṣogbo. Àgbẹ̀ tó wá ra irúgbìn ń bèèrè bóyá òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ohun tí èèyàn lè gbin àgbàdo lé. Ìyá tó ń ta oúnjẹ ń ṣírò iye tí wọn yóò máa ta àpò àgbàdo kan nígbà tí tuntun bá dé. Baálé ilé ń wo owó ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo iye ẹnu tó fẹ́ jẹun. Ojú sánmà ni gbogbo wọn ń wò.

Ọlọ́hun nìkan ló ni òjò, kò sì sí ẹ̀dá tó lè rọ ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Ọba tó ń rọ òjò ti fi okùnfà sí i, Ó sì pè wá láti ronú lórí àwọn okùnfà náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn fún ilẹ̀ wa ni ìgbóná òkun. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ṣèwádìí ìgbóná òkun láti ayé àtijọ́, ohun tí wọ́n rí, àti ìdí tó fi yẹ kí ẹni tó ń dáko ní Iléṣà tàbí ẹni tó ń tajà ní Òṣogbo mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí òkun ṣe ń di òjò

Òṣogbo jìnnà sí etí òkun ju 150 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú omi tó ń rọ̀ sórí òrùlé wa, inú òkun tó wà ní gúúsù wa ló ti gbéra. Bí oòrùn bá pa ilẹ̀ títí, ilẹ̀ á gbóná ju omi òkun lọ. Atẹ́gùn gbígbóná orí ilẹ̀ á gòkè, atẹ́gùn tútù tó kún fún omi á sì wọlé láti orí òkun láti dípò rẹ̀. Atẹ́gùn yìí ló ń lé ọyẹ́ padà sí àríwá, tó sì ń kó òjò bọ̀ fún wa.

Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ni "monsoon". Èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ náà mawsim, tó túmọ̀ sí àsìkò. Àwọn atukọ̀ Mùsùlùmí tó ń ná Òkun Íńdíà, bíi Ahmad ibn Mājid tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, mọ àsìkò tí atẹ́gùn náà ń yí padà, òun ni wọ́n sì fi ń ṣètò ìrìn-àjò wọn.

Apá òkun tó kan àwa jù ni Gulf of Guinea, ìyẹn apá Òkun Àtìláńtíìkì tó kan Èkó, Kútọnu, Lomé àti Àkra. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun náà, ní etí òkun Gánà àti Côte d'Ivoire, àti lágbègbè ibi tí wọ́n ti pín ayé sí méjì. Ní àsìkò yẹn, òjò ńlá á ti ṣí lọ sí ilẹ̀ Haúsá àti orílẹ̀-èdè Niger. Lọ́dọ̀ tiwa, òjò á dẹwọ́ díẹ̀. Òun ni gbogbo wa ń pè ní "August break". Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, òjò náà á tún máa padà bọ̀ sọ́dọ̀ wa, òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì ọdún á sì bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọdún ni òkun ń tutù bó ṣe yẹ. Ní 1984, omi Gulf of Guinea gbóná kọjá ààlà. Òjò kò fẹ́ kúrò ní etí òkun. Ẹ̀bá òkun rí omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, tí wọ́n ń pè ní Sàhẹ́lì, gbẹ. Ìyàn mú níbẹ̀, ẹran ọ̀sìn kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n dígírì kan tàbí méjì péré nínú ìgbóná omi ló ń mú irú nǹkan báyìí wá.

Ta ni wọ́n dá lẹ́bi?

Ọ̀dá Sàhẹ́lì yìí kì í ṣe ti ọdún kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1960, ó sì le gan-an títí wọ inú àwọn ọdún 1980. Adágún Chad, tó gbà tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960, fà dé ibi pé kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́.

Nígbà náà, àwọn èèyàn wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ní 1975, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jule Charney, sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé màlúù àti ewúrẹ́ tó jẹ koríko tán ló sọ ilẹ̀ di gbọ̀jẹ̀gẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tó bá ti ṣí sílẹ̀ á máa da ìtànṣán oòrùn padà sókè, òjò á sì sá fún un. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ní ojú ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn àgbẹ̀ àti darandaran, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa, di ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ebi tó pa á.

Ní 1986, Chris Folland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Bìrìtìkó fi àkọsílẹ̀ òjò Sàhẹ́lì wé àkọsílẹ̀ ìgbóná òkun káàkiri àgbáyé, láti 1901 sí 1985. Wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀. Lẹ́yìn náà, ní 2003, obìnrin onímọ̀ kan, Alessandra Giannini, pẹ̀lú R. Saravanan àti Ping Chang, gbé ìwádìí kan jáde tó yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n lo ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe ìṣirò bí atẹ́gùn àti òjò ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ ayé. Wọ́n kó ìgbóná òkun sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n láti 1930 sí 2000. Wọn kò sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé ẹnikẹ́ni gé igi, wọn kò sọ fún un pé màlúù kankan jẹ koríko. Ìgbóná òkun nìkan ni wọ́n fún un. Nígbà tí ó parí ìṣirò, ó fi hàn pé òjò Sàhẹ́lì pọ̀ ní àwọn ọdún 1950, ó sì dín kù ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí Òkun Íńdíà àti apá ibi tó móoru nínú Òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń gbóná sí i ló fa òjò kúrò lórí ilẹ̀.

Ìwádìí mìíràn tó tẹ̀lé e tún fi kún un pé èéfín ilé iṣẹ́ láti Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún náà dènà oòrùn lórí àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, ó sì jẹ́ kó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí náà ran ọ̀dá lọ́wọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà! Ẹni tí ebi ń pa ni wọ́n ń nàka sí, ẹni tó ń tú èéfín sílẹ̀ wà ní òkèèrè. A kò sọ pé gígé igi ní ìgékúgèé dára. Ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì lè mú kí ọ̀dá le sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé ká má fi èrò lásán dá èèyàn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àkọsílẹ̀ òkun ni ẹlẹ́rìí.

Korobá àwọn atukọ̀

Ẹnìkan lè bèèrè pé: ta ló wọn ìgbóná òkun ní ọdún 1901? Àwọn atukọ̀ ni. Ní 1853, àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe ìpàdé ní Brussels, wọ́n sì fẹnu kò pé kí ọkọ̀ ojú omi wọn máa kọ ipò ojú ọjọ́ àti ìgbóná omi sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà. Atukọ̀ á ju korobá sínú òkun, á fa omi sókè, á ki ohun èlò ìwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́, á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ jántìrẹrẹ, òun sì ni àwọn onímọ̀ ń tú wò títí di òní.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí àwọn ìyá wa yóò tètè lóye. Ẹ mọ ìdí tí omi inú àmù fi ń tutù: omi díẹ̀ máa ń gba ara àmù jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ, ìyókù á sì tutù. Korobá tí wọ́n fi aṣọ kánfáàsì ṣe máa ń hùwà bí àmù. Kí atukọ̀ tó ka ìwọ̀n, omi náà á ti tutù díẹ̀ ju òkun lọ. Korobá onígi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi tó ń wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀n tiwọn máa ń ga díẹ̀ nítorí ooru ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ní láti mọ irú korobá tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lò, kí wọ́n sì ṣàtúnṣe ìwọ̀n náà.

Lóde òní, sátẹ́láìtì ń wo ojú òkun láti òkè, àwọn ẹ̀rọ tó ń léfòó sì ń wọn ìgbóná omi tọ̀sán tòru. Láti 1997 ni Bràsíìlì, Faransé àti Amẹ́ríkà ti so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú Òkun Àtìláńtíìkì tó kan ilẹ̀ Áfíríkà, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní PIRATA.

Ohun tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun pamọ́

Ṣùgbọ́n ìwé àwọn atukọ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún àti àádọ́ta ọdún lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà? Ọlọ́hun ti fi ẹ̀rí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan ń gbé nínú omi òkun, tí wọ́n ní ìkarahun. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun wọn á rì, á sì dúró sínú ẹrẹ̀, ìpele kan lórí ìkejì, bíi ojú ìwé. Èròjà magnesium tó wà nínú ìkarahun náà máa ń pọ̀ bí omi tó ti dàgbà bá gbóná. Èròjà barium inú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ bí omi odò bá ya wọ òkun púpọ̀, ìyẹn ni pé òjò rọ̀ dáadáa lórí ilẹ̀.

Ní 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n fà jáde láti ìsàlẹ̀ Gulf of Guinea, ní apá ọ̀dọ̀ Cameroon, níbi tí omi odò Sanaga àti ti Ọya ń dé. Láti inú ẹrẹ̀ yìí, wọ́n ka ìtàn ìgbóná òkun àti òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé 155,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé òjò wa ti pọ̀ rí, ó sì ti dín kù rí, léraléra, ìyípadà náà sì bá ti ìgbóná òkun tan.

Ní 2009, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti adágún Bosumtwi jáde, nítòsí Kumasi ní Gánà. Adágún yìí kò ní odò tó ń ṣàn jáde láti inú rẹ̀, nítorí náà òjò ló ń pinnu bó ṣe máa kún tó. Ìpele ẹrẹ̀ inú rẹ̀ fi ìtàn nǹkan bí 3,000 ọdún hàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ń bani lẹ́rù: ọ̀dá tó máa ń gba ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún ti wáyé léraléra, àwọn mìíràn sì pẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Èyí tó gùn tó sún mọ́ wa jù bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1400, ó sì parí ní nǹkan bí 1750. Igi tó hù nígbà tí omi fà sẹ́yìn ṣì dúró gbagidi nínú adágún náà, omi ti bò wọ́n. Ìyípadà ìgbóná Òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n rí i pé ó bá àwọn ọ̀dá náà rìn.

Odò Náílì àti ìtàn Ànábì Yusuf

Àwọn Mùsùlùmí kò sùn nínú ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ yìí. Ní 861, nígbà ìjọba Khalífà al-Mutawakkil, wọ́n kọ́ ilé ìwọ̀n omi sí erékùṣù Rawda ní Káírò. Òpó gígùn kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn bí odò Náílì ṣe ga tó lọ́dọọdún, nítorí òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ìkórè yóò ṣe rí àti iye owó orí tí wọn yóò gbà. Àkọsílẹ̀ gíga odò Náílì tó wà lọ́wọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti 622, ọdún Híjírà gan-an, ó sì wà lára àwọn tó gùn jù lọ láyé.

Onímọ̀ ará Bìrìtìkó kan, Harold Edwin Hurst, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Íjíbítì, gbé àkọsílẹ̀ yìí yẹ̀ wò. Ní 1951, ó sọ ohun tó rí: ọdún omi púpọ̀ máa ń tẹ̀ lé ara wọn, ọdún omi kékeré náà máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Wọn kì í ṣe bí ayò tí èèyàn kàn ń dà sílẹ̀. Ní 1968, Benoit Mandelbrot àti James Wallis fi orúkọ Ànábì Yusuf pe ohun tí Hurst rí yìí, nítorí ọdún méje ọ̀pọ̀ àti ọdún méje ọ̀dá tó túmọ̀ fún ọba Íjíbítì. Ìkún omi òjijì tó kọjá ààlà, orúkọ Ànábì Nūh ni wọ́n fi pè é.

Òkun wà lára ìdí tí àwọn ọdún fi ń tẹ̀ lé ara wọn báyìí. Ilẹ̀ tètè ń gbóná, ó tètè ń tutù. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru tó bá wọ inú rẹ̀ á pẹ́ kó tó jáde. Ìkòkò ńlá tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ṣì ń gbóná nígbà tí ife tíì ti tutù. Nítorí náà, ọdún kan tí òjò kò dára lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó yí padà lásìkò tiwa

Ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ooru tí èéfín epo àti èédú ti kó jọ sínú ayé ni òkun ti gbé mì. Ọdún 2023 àti 2024 wà lára àwọn ọdún tí òkun gbóná jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí atẹ́gùn bá fi dígírì kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí òjò fi lè pẹ́ kó tó rọ̀, àmọ́ tó bá rọ̀, ọ̀wàrà ni.

Ẹ rántí Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa ya bo ìlú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, àgbàrá tún gbé èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Oṣù Kẹjọ, tí a máa ń sọ pé òjò ń sinmi, ni méjèèjì. "August break" kì í ṣe àdéhùn.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn Ànábì Yusuf ni ìpalẹ̀mọ́. Ó mọ̀ pé ti Ọlọ́hun ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣètò ọkà, ó ní kí wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní kí èèyàn má palẹ̀ mọ́.

Àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń kéde ìgbà tí wọ́n rò pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí yóò parí. Ìgbóná òkun wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Èyí kì í ṣe wíwo iṣẹ́ tàbí sísọ ohun ìkọ̀kọ̀ tí Ọlọ́hun nìkan mọ̀. Bí dókítà ṣe ń wo ara gbígbóná tó sì ń sọ pé ó dà bí ibà ló rí. Wọ́n lè ṣì í, ṣùgbọ́n ó sàn ju kéèyàn máa méfò lọ. Inú wa yóò dùn bí àwọn lẹ́múmù wa bá lè ka ìkéde yìí sétí ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàárín pípa oúnjẹ mọ́ àti kíkó oúnjẹ pamọ́ kí ọjà lè wọ́n. Àkọ́kọ́ ni Ànábì Yusuf ṣe, kí ará ìlú lè rí jẹ nígbà ìṣòro. Èkejì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ń pè ní iḥtikār, ó sì jẹ́ èèwọ̀. Àpò àgbàdo kan náà ni. Èrò ọkàn àti ohun tí o ṣe nígbà tí ebi dé ni yóò sọ èyí tó jẹ́.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan lè pa díẹ̀ mọ́ nígbà ìkórè. Kí ìta wa àti iwájú ṣọ́ọ̀bù wa sì mọ́, kí ọ̀rá àti pálí má dí gọ́tà, nítorí omi tí kò bá rí ọ̀nà lọ, inú ilé ni yóò wọ̀.

Bákan náà, ká má gbàgbé sàká oko. Irè oko tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá la ń yọ. Èyí tí èèyàn fi wàhálà àti ìnáwó bomi rin, ìdá kan nínú ogún ni. Sharia mọ̀ pé ìnira wà nígbà tí òjò kò bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Bí òjò bá wọ́n, ìrun títọrọ òjò, ṣàlátul-istisqā', wà fún wa, pẹ̀lú ìtọrọ àforíjìn àti sàráà. Ẹni tó kírun náà á tún mú ọkọ́ lọ sí oko.

Kí Ọlọ́hun rọ òjò ìbùkún fún wa ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní gbogbo ilẹ̀ wa, òjò tí kò ní bá ilé jẹ́, tí kò ní gbé ọmọ lọ. Kí Ó jẹ́ kí ọdún ọ̀pọ̀ wa tó ti ọdún ọ̀dá jẹ. Āmín.